Irin tí a hú lẹ́yìn ilé ní Abẹ́òkúta: kí ló dé tí ọ̀kan jẹrà, tí èkejì ṣì le koko?

ỌmọÌjẹmọ̀
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. À ń gbẹ́ ihò sọ́kàwéè lẹ́yìn ilé bàbá ńlá wa ní Ìjẹmọ̀. Nígbà tí ihò náà mu ènìyàn dé itan, ṣọ́bìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin. Ohun tó jáde rèé: ọkọ́ méjì, ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ kan ti kán, ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ kan, owó àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ara wọn, àti ọ̀pá gígùn kan tó jọ ti ìbọn ṣakabùlà. Ọ̀pá yẹn ṣì wà nínú ihò, ìdajì rẹ̀ ló hàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ́ yìí ló gbé mi wá síbí. Ọ̀kan ti jẹrà débi pé bí mo ṣe gbé e ni etí rẹ̀ ń já sílẹ̀. Èkejì, tí kò jìnnà sí i rárá, ṣì wúwo lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ń ki igi bọ̀ ṣì hàn kedere. Ṣé wọn kì í ṣe irin kan náà ni, àbí ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀? Kí sì ni kí n ṣe sí wọn báyìí? Àbúrò mi ti gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ọsàn wẹ́wẹ́ jáde, mo ní kó ní sùúrù ná.

Wẹ́dàLáfẹ́nwá
Gba búrọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Irin tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, ìpẹtà tó bò ó ló ń di gbogbo rẹ̀ mú. Tí ẹ bá ń ha á, ẹ lè ha ọkọ́ náà tán láìrí irin kankan. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò dáa. Omi kíkan ni, á wọ inú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, á sì máa jẹ irin níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wá òòfà kan, èyí tí wọ́n yọ lára sípíkà àtijọ́ ti tó. Gbé e sún mọ́ ọkọ́ méjèèjì, kí o wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa.

TíṣàKẹ́mísírì
Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú. Kí irin tó lè dípẹtà, omi àti afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ pàdé lára rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó. Ìdí nìyẹn tí irin inú ilẹ̀ gbígbẹ fi máa ń pẹ́, tí irin tó rì sínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé náà fi lè pẹ́. Ibi tó burú jù fún un ni ibi tó ń tutù tó ń gbẹ, tó tún ń tutù tó tún ń gbẹ, ìyẹn apá òkè ilẹ̀ níbi tí òjò ń rin, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń mú omi rẹ̀ gbẹ lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ìdípẹtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò rí iná kankan. Apá kan lára irin ń yọ́ wọ inú omi. Agbára tó tú sílẹ̀ níbẹ̀ ń gba inú irin náà kọjá lọ sí apá mìíràn tí afẹ́fẹ́ ti ń bá omi pàdé. Kí ọ̀nà yẹn tó lè pé yíká, omi inú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé iná. Omi òjò lásán kò gbé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu iyọ̀ sí i, iṣẹ́ ti yá nìyẹn. Ẹ̀yìn balùwẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ń tọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, oko tí wọ́n ti ń da ajílẹ̀ òyìnbó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo wọn ló ń jẹ irin ju ilẹ̀ lásán lọ. Kílóráìdì inú iyọ̀ ló le jù, torí kì í jẹ́ kí ìpẹtà dì mọ́ra kó lè bo irin.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta náà ní ìwà tirẹ̀. Irú òkúta tí Olúmọ jẹ́ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlú yìí, ilẹ̀ tó sì jáde lára rẹ̀ máa ń ní iyanrìn, ó máa ń pupa, ó sì máa ń ní ásíìdì díẹ̀, torí òjò ti fọ àwọn èròjà tó yẹ kó pa ásíìdì náà lọ. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ewékorò lọ, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá kì í kan, ó sì lè fi èépá funfun bo irin mọ́lẹ̀, kó dá nǹkan dúró.

Ẹ tún wo amọ̀ àti iyanrìn. Tí irin kan bá gùn, tí apá kan rẹ̀ wà nínú amọ̀ tí apá kejì wà nínú iyanrìn, ti inú amọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lu. Afẹ́fẹ́ kò tó lọ́hùn-ún, ibẹ̀ sì ni irin ti máa ń yọ́.

Ọ̀gá Ìjẹmọ̀, kí ló wà láyìíká ọkọ́ tó yè yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ wo ògiri ihò náà kí òjò tó fọ̀ ọ́.

ỌmọÌjẹmọ̀
Ẹ ṣeun, sà. Òòfà lẹ̀ mọ́ èyí tó wúwo gírígírí, mo fi agbára já a kúrò ni. Lára èkejì, kò lẹ̀ rárá àfi ní ibì kan ṣoṣo nítòsí ibi tí wọ́n ń ki igi bọ̀.

Nípa ilẹ̀: èyí tó yè wà nínú eérú. Ó jọ pé ààrò àwọn ìyá àgbà wa ló wà níbẹ̀, èédú àti àfọ́kù ìkòkò pọ̀ ní ìpele yẹn. Èyí tó jẹrà wà nínú ilẹ̀ pupa tó rọ̀, níbi tí omi balùwẹ̀ àtijọ́ ń gbà kọjá.

TíṣàKẹ́mísírì
Ẹ ti rí ìdáhùn yín. Eérú igi ń pa ásíìdì. Níbi tí kò bá ti sí ásíìdì, irin máa ń ṣe awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú kò lè rí, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dípẹtà. Òun náà ló ń gba rọ́ọ̀dù là nínú kọnkéré. Ẹ yẹ ọkọ́ náà wò dáadáa síbẹ̀. Èédú ń gbé iná, ibi tó bá ti fara kan irin nínú ilẹ̀ tútù, irin máa ń jìn sínú níbẹ̀.

Pé òòfà kò lẹ̀ mọ́ èkejì, ó jọ pé ìpẹtà ló gba ipò irin, tó sì mú ìrísí ọkọ́ dání. Ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má jù ú nù.

ÌyáAládìrẹ_Ìtòkú
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ọ̀rọ̀ eérú tí tíṣà sọ yìí, àwa tí à ń rẹ aró mọ̀ ọ́n. Omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ẹ̀lú, àwa lo sódà lónìí. Ní ẹ̀yìn ilé wa tí wọ́n ti ń da omi aró nù láti ayé ìyá ìyá mi, a hú ọ̀bẹ kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Irin rẹ̀ dúró digbí, èèkù rẹ̀ nìkan ló ti rà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó lọ ri abọ́ alumí sínú eérú o! Sódà ń jẹ alumí ní ojú ẹni ni. Ó ń hó, ó ń gbóná, kó tó pẹ́ abọ́ ti lu. Páànù náà kì í fẹ́ rí i, torí sìǹkì ara rẹ̀. Ohun tó ń gba irin dúdú là ló ń pa àwọn wọ̀nyẹn.

Alágbẹ̀dẹÌkìjà
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ìbọn yẹn. Ọ̀pá ṣakabùlà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lè ní ẹ̀tù àti ọta nínú títí di òní. Ẹ̀tù tó tutù kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá gbẹ padà, ó lè gbaná. Ẹ má fà á jáde, ẹ má fi òòlù kàn án, ẹ má fi iná sún mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú ẹnu rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà pé kó gé e. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá. Bákan náà ni fún ohunkóhun tó bá rí roboto tó sì wúwo tí ẹ kò mọ̀.

Ó kan ọkọ́. Irin tí àwọn baba wa ń yọ́ nínú ìléru yàtọ̀ sí irin ọkọ̀ tí à ń rọ lónìí. Ti àtijọ́ kì í di omi nínú iná, wọ́n máa ń lù ú títí tí ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí inú rẹ̀, yóò fi jáde, ìdàrọ́ náà kì í sì í jáde tán. Èyí tó kù á na gbọọrọ nínú irin bí wọ́n ṣe ń lù ú. Nígbà tí irú irin bẹ́ẹ̀ bá dípẹtà, á máa là ní ìlà-ìlà bí igi gbígbó. Irin òde òní kì í là bẹ́ẹ̀, ihò-ihò ló ń dá sí i lára. Ẹ wo ibi tí etí ọkọ́ yín ti já. Tí ẹ bá rí ìlà tó tò tẹ̀lé ara wọn láti ibi tí wọ́n ń ki igi bọ̀ lọ sí ẹnu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin ìléru, ó sì níyì ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nǹkan mìíràn tí tíṣà kò sọ ni iná. Tí irin bá pupa nínú iná, èèpo dúdú kan máa ń bò ó. Lójoojúmọ́ ni à ń rí i tó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ òòlù. Irin tó bá ilé jó, tàbí tó kù sínú ààrò, tí ẹnikẹ́ni kò lu èèpo yẹn kúrò, máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Ọkọ́ inú ààrò yẹn lè ti jàǹfààní eérú, kó tún jàǹfààní iná.

Ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yàtọ̀, irin dídà ni, wọn kò lù ú. Èédú pọ̀ nínú irin dídà. Nínú ilẹ̀ tó ń tutù, irin inú rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, èédú á sì dúró ní ìrísí ìkòkò. Ẹ ó rò pé ìkòkò pé. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ ibi tó kán yẹn. Tí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, irin ti lọ níbẹ̀. Ẹ fi àfọ́kù rẹ̀ fa ìlà lórí ìwé, ẹ ó rí i pé ó kọ dúdú, torí ohun tó wà nínú pẹ́ńsùlù gan-an ló kù.

ỌmọÌjẹmọ̀
A ti fi pákó bo ihò náà, a sì ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ṣé gan-an.

Mo fi àfọ́kù ìkòkò fa ìlà lórí páálí. Ó kọ! Ibi ìdí rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ṣì le.

ẸnjiníàPáìpù
Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fara balẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín ọdún 1910 sí 1955, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tí wọ́n ń pè ní National Bureau of Standards ri irin, páìpù, bàbà, òjé àti sìǹkì tó nǹkan bí 36,500 mọ́lẹ̀ ní ibi 128 káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì ń hú wọn díẹ̀díẹ̀ láti wò wọ́n. Irú ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Irin kan náà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ló yí padà níbì kan ti lu jálẹ̀ níbòmíràn. Nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, ilẹ̀ á kọ́kọ́ máa jẹ irin kíákíá, lẹ́yìn náà ìpẹtà á bò ó, á sì falẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kì í falẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹrẹ̀ yẹn náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọn kò nílò afẹ́fẹ́, sọ́fẹ́ẹ̀tì, irú iyọ̀ kan tó wà nínú ilẹ̀, ni wọ́n fi ń gbé. Wọ́n lè ba irin jẹ́ gan-an. Tí ẹ bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá odò Ṣokorí tàbí lẹ́bàá odò Ògùn, tí ẹrẹ̀ dúdú jáde tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Inchtuthil ní Scotland. Ibùdó ọmọ ogun Róòmù ni. Nígbà tí wọ́n ń kó kúrò níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 87 lẹ́yìn ìbí Kristi, wọ́n rì ìṣó tó lé ní 800,000 sínú ihò jíjìn kan. Ọdún 1960 ni wọ́n tó hú wọn. Àwọn tó wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dípẹtà, wọ́n ti di ìdì kan ṣoṣo. Àwọn tó wà láàárín, ọ̀pọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bí wọ́n ṣe rì wọ́n. Àwọn tó wà níta ti lo afẹ́fẹ́ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó ń wá ọ̀nà láti rì pàǹtírí iléeṣẹ́ átọ́míìkì mọ́lẹ̀ náà ń wo àwọn ìṣó yẹn láti mọ bí irin ṣe ń pẹ́ sí.

AkówójọAké
Ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn bá owó yín mu. Ẹ má tú owó tó lẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó wà láàárín lè ní àwòrán tó mọ́ kedere, tí ẹ bá sì fi ọ̀bẹ là wọ́n, ojú ọ̀kan á bá èkejì lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà níbẹ̀: tọ́rọ́, sísì àti ṣílè, owó ayé òyìnbó, tí ọdún 1913 sí 1919 wà lára wọn, fàdákà gidi ni. Láti ọdún 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe wọ́n. Kọ́bọ̀ ayé ìgbà yẹn tó ní ihò láàárín, títí wọ ọdún 1951, bàbà àti níkẹ́lì tí wọ́n pò pọ̀ ni, ó máa ń pẹ́ gan-an nínú ilẹ̀ wa. Nígbà tí náírà fi dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, gbogbo wọn ti kúrò nílò.

Kí àwọ̀ ewé ara fàdákà má dẹ́rù bà yín. Bàbà ni wọ́n pò mọ́ fàdákà kó lè le, ilẹ̀ ló ń fa bàbà yẹn jáde. Dúdú ni fàdákà fúnra rẹ̀ ń dà.

Ẹ̀gbà ọwọ́ yín ni mo ń bẹ̀rù fún. Èépá idẹ tó dán, tó le, tó ní àwọ̀ ewé tàbí pupa dúdú, ààbò ni, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú tó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ nù ún kúrò tó tún padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àìsàn idẹ nìyẹn. Kílóráìdì ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń jí i. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ẹ sì gbé e síbi tó gbẹ.

BàbáÒkèỌnà
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ bi àwọn àgbà agbo ilé léèrè. Ohun irin tó kó jọ sójú kan nínú ilé Ẹ̀gbá lè jẹ́ ojúbọ Ògún tí ilé wó bò. Inú ilé ni wọ́n sì ń sin àgbàlagbà sí láyé àtijọ́. Tí ẹ bá rí eegun lẹ́bàá ẹ̀gbà yẹn, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe olórí ẹbí.

ÌtànẸ̀gbá
Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ eegun yẹn ní ẹ̀kọ́ kan nínú. Bàbà ń pa kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan jẹrà, nítorí náà, ibi tí idẹ bá fara kan aṣọ, awọ tàbí eegun, nǹkan wọ̀nyẹn máa ń ṣẹ́kù. Ní Igbo-Ukwu ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Thurstan Shaw ti wú ilẹ̀ ní ọdún 1959 àti 1960, wọ́n rí èérún aṣọ híhun tó ti pẹ́ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, torí pé ó lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi bàbà àti idẹ ṣe. Tí ẹ bá fọ ẹ̀gbà yẹn, ẹ lè fọ fọ́nrán aṣọ olówó iyebíye dà nù. Bí iṣẹ́ yín yìí náà ni gbogbo ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ọkùnrin kan ló ń gbẹ́ ihò tí yóò máa fi gba omi òjò nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n rí ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 náà, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń wà.

Ẹ ṣọ́ra fún òjé pẹ̀lú. Àwọn ará Dahomey kọlu ìlú wa ní oṣù kẹta ọdún 1851, apá Àró ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n sì tún padà wá ní ọdún 1864. Ọta òjé kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí. Roboto kékeré ni, ó funfun lójú, ó sì wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Funfun yẹn ló ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n májèlé ni, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun. Ẹ má kó o sínú àpótí onípákó, torí ooru kíkan tó ń jáde lára pákó ń jẹ òjé.

Òfin tó dá àjọ NCMM, tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà, sílẹ̀ ní ọdún 1979 fẹ́ kí wọ́n fi tó àjọ náà létí tí ènìyàn bá hú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rà á kíákíá, ẹ kí i kó máa lọ.

ỌmọÌjẹmọ̀
Bàbá, a ti bi ìyá àgbà. Wọ́n ní ojúbọ kò sí lápá ibẹ̀, ààrò ìyàwó ilé ni. Kò sí eegun kankan náà. A ó kọ̀wé sí NCMM. Ní alẹ́ òní ńkọ́? Níbo ni kí n kó wọn sí? Ṣé kí n fi epo ẹ́ńjìnnì pa wọ́n?

Wẹ́dàLáfẹ́nwá
Tó bá jẹ́ ọkọ́ tó ń lọ oko lọ́la, fi epo pa á, mi ò ní jiyàn. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó wà níwájú rẹ yìí.

AláàbòOhunÌgbàanì
Epo ẹ́ńjìnnì rárá. Kẹrosíìnì náà rárá. Epo á sé iyọ̀ mọ́nú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á kọ́kọ́ jìyà láti yọ epo.

Nínú gbogbo ọdún tí nǹkan lò nínú ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n hú u jáde ló léwu jù. Òun àti ilẹ̀ ti bára wọn mọ́. Ẹ wá gbé e sínú afẹ́fẹ́ tuntun, pẹ̀lú iyọ̀ nínú àti ọ̀rinrin Abẹ́òkúta lóde. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná, kí ẹ fi tépù tàbí rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò náà. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, bó ṣe jìn tó, àti àwọ̀ ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ gbọn yẹ̀pẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ má fọ irin. Ẹ wo inú ibi tí wọ́n ń ki igi bọ̀ dáadáa, torí ìpẹtà máa ń wọ inú igi kó sì gba ìrísí rẹ̀ títí kan ìlà ara rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi í mọ irú igi tí wọ́n lò.

Tí ẹ bá rí ohun funfun kan tó ń di búlúù lẹ́yìn tó jáde sínú afẹ́fẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Irin ló bá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú eegun tàbí ìgbẹ́ ẹran pàdé níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí.

Ibi ìkópamọ́: ike onídérí tó dì pinpin, ọ̀kan fún irin, ọ̀kan fún idẹ àti owó, ọ̀kan fún òjé. Ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun àti báàgì sínú ti irin àti ti idẹ, kó pọ̀. Silica gel ni orúkọ rẹ̀, ó ń fa ọ̀rinrin mu. Kí irin gbẹ tó bó bá ṣe lè gbẹ tó. Tí ẹ bá rí ẹ̀kán omi kéékèèké tó pọ́n lára irin lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kílóráìdì ló ń fa omi mọ́ra, èèpo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là láìpẹ́. Àpò inú ike náà ti kún nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tó bá di dandan kí ẹ ṣan amọ̀ kúrò lára owó, omi òjò tàbí omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ọkọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ wo ike rẹ̀ dáadáa o. Àwọn mẹkáníìkì ń ta ásíìdì bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi bátìrì, wọ́n sì jọ ara wọn lójú.

OnílùúKẹ́mta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ géètì mi ń jẹrà níbi tó ti wọ ilẹ̀, òkè rẹ̀ dáa, ìsàlẹ̀ tí mo wú wò náà dáa. Páìpù omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rì ńkọ́, kó má baà ṣe bẹ́ẹ̀?

ẸnjiníàPáìpù
Ojú ilẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé jù, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìpẹtà sì máa ń gba ààyè tó ìlọ́po 2 sí 6 irin tó jẹ, ìdí tí sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ géètì fi ń là nìyẹn. Tó bá la báyìí, omi tún ń ríbi wọlé. Ẹ dúró de ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ha á dé ojú irin, ẹ fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún láti ìbú ọwọ́ méjì lókè ilẹ̀ dé ìbú ọwọ́ méjì nísàlẹ̀. Kí ẹ tún sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣe kó ga ju ilẹ̀ lọ, kó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi má lè dúró níbẹ̀.

Ní ti páìpù, tó bá jẹ́ onírin, ẹ da iyanrìn mímọ́ yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má baà wà nínú amọ̀ níbì kan kó wà nínú iyanrìn níbòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da èédú tàbí pàǹtírí ilé kíkọ́ padà sórí rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ so ẹnu idẹ mọ́ ọn, ẹ ní kí pọ́lọ́ńbà fi rọ́bà sáàárín wọn, torí tí àwọn méjèèjì bá fara kanra nínú ilẹ̀ tútù, irin ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.